Ara Ta Ni A Fi Ń Dẹ́rù Bani? Agbára àti Àléébù Fíìmù Adẹ́rùbani Yorùbá láti Àìyé dé Àníkúlápó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn fíìmù adẹ́rùbani láwùjọ Yorùbá láti 1979 títí di 2022. Fíìmù tí iwin, àjẹ́, oògùn, òkú tàbí agbára àìrí mìíràn jẹ́ òpómúléró ìtàn rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí jìnnìjìnnì bo òǹwòran, ni à ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí iṣẹ́ náà fi múlẹ̀ ni pé agbára irú fíìmù bẹ́ẹ̀ máa ń hàn nígbà tí ẹ̀rù bá ti inú ìwà ẹ̀dá jáde, àti pé àléébù rẹ̀ tó burú jù máa ń hàn nígbà tí a bá di ẹ̀rù náà lé irú ènìyàn kan lórí, pàápàá obìnrin arúgbó. Àbá wà ní ìparí fún olùkọ́ tí yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn fíìmù náà.

Ìfáárà

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, a rí ìtàn Aláàfin Abípa tí ó pinnu láti kó olú-ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ìpinnu yìí kò dùn mọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì nínú, nítorí pé wọ́n ti fìdí kalẹ̀ sí Ìgbòho. Nígbà tí ọba fẹ́ rán ikọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láti lọ ṣètò ilẹ̀, àwọn ìjòyè náà ti yára kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ lọ síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa rìn káàkiri orí òkè lóru, kí wọ́n máa ké, kí àwọn ikọ̀ ọba lè rò pé iwin ti gba ilẹ̀ náà. Ète wọn ṣẹ, nítorí pé àwọn ikọ̀ sá padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tú àṣírí náà fún ọba. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì kó gbogbo àwọn "iwin" náà wá síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Abípa fi ń jẹ́ Ọba Mọ́rọ̀, èyí tí í ṣe ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Àwọn onímọ̀ eré ìtàgé, pàápàá Joel Adédèjì, ka ìtàn yìí mọ́ ara ohun tí ó bí eré alárìnjò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìran adẹ́rùbani wà lára àwọn ìran tó lọ́jọ́ lórí jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ìran náà ṣiṣẹ́: ẹni tó wò ó bẹ̀rù. Èkejì ni pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ ní ohun kan tí ó ń wá, ohun náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iwin rárá, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ẹ̀kẹta ni pé ara àwọn tí àwùjọ ti ń yẹra fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi dẹ́rù bani. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ìjòyè tí ó fi ara tirẹ̀ ṣe iwin.

Ẹ̀kọ́ kẹta yìí ni iṣẹ́ yìí yóò fi ṣe òdiwọ̀n. Tí a bá ń wo ìtàn fíìmù adẹ́rùbani Yorùbá, ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi kọ̀ọ̀kan wọn ni pé: ara ta ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani?

Ẹ̀rù àti Ìpẹ̀tù Ṣáájú Ìgbà Fíìmù

Kí fíìmù tó dé, Yorùbá ti ní ìlànà tí wọ́n fi ń gbé agbára àìrí síwájú òǹwòran. Èyí tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù lọ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ní Nàìjíríà, Benin àti Togo ń ṣe. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde láti júbà, láti wúre fún ìlú, kí ó sì fi orin tú àṣírí ẹni tí ó bá hùwà àìtọ́. Ọkùnrin ni ó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n agbára obìnrin, pàápàá ti àwọn ìyá àgbà, ni ó ń bọlá fún. Àwọn tí a gbà pé wọ́n lágbára láti bàjẹ́ àti láti tún ṣe ni à ń pè ní "ìyá wa", tí à ń pẹ̀tù sí wọn nínú kí wọ́n lè fi agbára náà gbe ìlú. Ẹ̀rù wà nínú ìran náà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni ó máa ń já sí. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo aráyé.

Irú èrò yìí náà ni ó wà nínú odù Ọ̀ṣẹ́túrá. Ìtàn odù náà sọ pé àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin tí Olódùmarè rán wá sí ayé kò ka Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, sí nínú ètò wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni kò yọrí. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó ní kí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ọmọ ọkùnrin tí ó sì bí ni Ọ̀ṣẹ́túrá, ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún régé. Ìtàn yìí kò sọ pé a ṣẹ́gun obìnrin alágbára náà. Ó sọ pé a bẹ̀ ẹ́, a sì fi àyè rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a rò pé gbogbo ayé àtijọ́ ni ìpẹ̀tù. Ní 1950 àti 1951, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àtíńgà, tí ó ṣẹ̀ wá láti Gold Coast, tí ó sì gba Dahomey kọjá, wọ agbègbè Ẹ̀gbádò, tí a mọ̀ sí Yewa lónìí. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ àwọn ni láti fọ ìlú mọ́ kúrò lọ́wọ́ àjẹ́. Wọ́n á lùlù, wọ́n á jó, wọ́n á sì nawọ́ sí àwọn obìnrin láàárín èrò pé àjẹ́ ni wọ́n. Àwọn obìnrin tí wọ́n nawọ́ sí, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ àgbàlagbà, ni wọ́n fipá mú láti jẹ́wọ́ àti láti sanwó. Wọ́n ba ojúbọ àti ère òrìṣà jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ìjọba amúnisìn tó fòfin dè wọ́n ní 1951.

Ó yẹ kí a fi ojú ìran wo Àtíńgà pẹ̀lú, nítorí pé ìlù, ijó àti èrò òǹwòran wà níbẹ̀ bí wọ́n ti wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni pé nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òṣèré ni ó fi ara rẹ̀ ru agbára náà lábẹ́ agọ̀. Nínú Àtíńgà, ìyá oníyàá tó jókòó jẹ́jẹ́ ni wọ́n dì í lé lórí. Ọ̀nà méjì yìí ni fíìmù bá nílẹ̀ nígbà tí ó dé.

Ògúndé àti Fíìmù Àìyé

Hubert Ògúndé, tí a bí ní Òsósà ní 1916, ti lo ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n lórí ìtàgé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù. Inú ìjọ ni eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Ní 1964, eré rẹ̀ Yorùbá Ronú mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é. Ó ti mọ ohun tí ó ń mú èrò wá, ó sì ti mọ ohun tí ìran lè dá sílẹ̀. Ní 1976, Àjàní Ògún, fíìmù onítàn gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Afọlayan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, sì kópa nínú rẹ̀. Ọlá Balógun yìí kan náà ni Ògúndé pè nígbà tí ó fẹ́ sọ eré ìtàgé rẹ̀ Àìyé di fíìmù ní 1979. Jáyésinmi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Àròpin Ń Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988.

Nínú Àìyé, Ọ̀ṣẹ́túrá, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ni àgbà adáhunṣe tí ó dúró ti ìlú nígbà tí ẹgbẹ́ àjẹ́ ń fi òru ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́. Ìtàn náà kò ta kókó púpọ̀: rere ń bá búburú jà, rere sì borí. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, ìdí tí wọ́n fi kún un kò sì farasin.

Èkíní, fíìmù náà fún ohun tí a ti ń fetí gbọ́ ní àwòrán. Ọgbọ́n kámẹ́rà tí a fi ń ṣe irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Georges Méliès ti ń lò ó ní ilẹ̀ Faransé: a ó dá kámẹ́rà dúró, a ó pààrọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀, a ó sì tún máa yà á lọ, kí ó lè dà bí ẹni pé ènìyàn parẹ́ tàbí ó di nǹkan mìíràn. Lójú òǹwòran tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré pé ènìyàn lè di ẹyẹ lóru, ẹ̀rí ni ọgbọ́n ẹ̀tàn yìí.

Èkejì, èdè ni ohun ìjà nínú fíìmù Ògúndé. Níbi tí ọ̀pọ̀ fíìmù adẹ́rùbani ilẹ̀ òkèèrè ti ń lo ìbọn, ọ̀bẹ tàbí ariwo lójijì, ọfọ̀ àti ìbà ni Ògúndé fi ń ja ogun tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ nǹkan ni yóò ṣẹ́gun nǹkan. Àwọn ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, tí wọn kò gbọ́ ọfọ̀ rí lẹ́nu baba wọn, gbọ́ ọ nínú fíìmù. Ìwúlò èyí fún èdè kò kéré.

Ẹ̀kẹta, Ọ̀ṣẹ́túrá dá iyì padà fún adáhunṣe. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí àwọn amúnisìn gbé wá ti fi oníṣègùn ìbílẹ̀ hàn bí òpùrọ́ tàbí aláìmọ̀kan. Nínú Àìyé, òun ni ọlọ́gbọ́n, òun sì ni olùgbèjà ìlú.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára fíìmù náà wà ni àléébù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ògúndé fún akọni rẹ̀ ní orúkọ odù tí ó sọ bí a ṣe bẹ obìnrin alágbára tí ayé fi rọgbọ, ó sì wá rán an lọ jagun. Ìpẹ̀tù tó wà nínú odù di ìṣẹ́gun nínú fíìmù. "Ìyá wa" ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di ọ̀tá tí ó gbọ́dọ̀ ṣègbé kí òǹwòran tó lè fi ìdùnnú lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Ògúndé ni ó dá ẹ̀rù àjẹ́ sílẹ̀, nítorí pé Àtíńgà ti ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún ọ̀nà kejì ní ẹwà àti òkìkí tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Láti Gbọ̀ngàn sí Yàrá

Ní 1986, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP. Náírà já wálẹ̀, fíìmù tí a ń rà láti òkèèrè, tí a sì ń kó lọ sí òkèèrè fún fífọ̀, di ohun tí apá àwọn òṣèré kò ká mọ́. Kí ọdún 1990 tó pé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré Yorùbá ti yí sí fídíò. Bí àgbéléwò ṣe gbilẹ̀ nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà lọ́jà, ilé sì ni a ti ń wò ó.

Ìyípadà yìí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ní ọ̀nà méjì. Nínú gbọ̀ngàn, bí ọmọdé bá bẹ̀rù, àgbàlagbà wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń dá òṣèré lóhùn, tí ó sì ń pariwo. Àjọwò ni, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti jẹ́ àjọwò. Nínú yàrá, ọmọ náà lè dá wò ó lóru, kí ó sì sùn tì í. Ọ̀nà kejì ni ti owó. Ẹni tó ń fi owó díẹ̀ ṣe fídíò ní ọjọ́ díẹ̀ kò ní àkókò fún ọfọ̀ gígùn tàbí àwòrán tí ó nílò ọgbọ́n. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tètè bà ni aṣọ pupa, ojú tí a kùn, ẹ̀rín burúkú àti arúgbó obìnrin.

Orúkọ fíìmù méjì kan fi ìdarí àkókò náà hàn. Ní 1989, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Ìgbò tí ó wá di ìlúmọ̀ọ́ká pẹ̀lú Living in Bondage ní 1992, ti kọ́kọ́ gbé fídíò Yorùbá kan jáde pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Àkọlé rẹ̀ ni Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Ọ̀rọ̀ méjì tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ọ̀wọ̀ so pọ̀, ìyá àti àjẹ́, ni àkọlé yìí tún so pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni ó fi wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni Agbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ eré Mount Zion ti Mike Bámilóyè. Fíìmù yìí kó òǹwòran jọ gan-an lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rù rẹ̀ sì wọ ọ̀pọ̀ ọmọdé lára. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn kíyè sí ni pé ipò Ọ̀ṣẹ́túrá ti ṣófo nínú rẹ̀. Oníṣègùn ti di ẹni ibi, àdúrà àti ìwàásù sì ni ó ń gbani là. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, olùgbèjà ìlú inú Àìyé ti di ẹni tí a ń gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbéléwò ti pa babaláwo, oníṣègùn àti adáhunṣe pọ̀ di ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ aṣọ pupa, tí ó jókòó ti ère nínú igbó, babaláwo ni wọ́n ń pè é, bí kò tilẹ̀ ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ Ifá nípa irú fíìmù báyìí nìkan yóò rò pé ìdí owó oògùn ni ó wà. Kò ní mọ̀ pé àkójọ ìmọ̀ ńlá tí UNESCO kéde bí ohun àjogúnbá aráyé ní 2005 ni.

Àjẹ́ Ké Lánàá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Òwe yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ mọ bí fíìmù adẹ́rùbani ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ìlànà tí a fi ń to àwòrán fíìmù gan-an ni ó wà nínú rẹ̀. Olùdarí á fi ẹyẹ tó ké hàn, á gé àwòrán náà, á sì fi ọmọ tó ń gbóná lórí ẹní hàn. Kò sí ẹni tó sọ fún òǹwòran pé ẹyẹ náà ni ó fa àìsàn. Títò tí a to àwòrán méjèèjì tẹ̀ léra ni ó sọ ọ́. Òǹwòran ni ó fúnra rẹ̀ so ọ̀rọ̀ pọ̀, ohun tí ènìyàn bá sì fúnra rẹ̀ so pọ̀ kì í tètè tú lọ́kàn rẹ̀.

Nínú ayé tí fíìmù dá sílẹ̀, ìdájọ́ yìí tọ̀nà, nítorí pé òǹkọ̀wé eré ti pinnu pé ìyá àgbà náà ni ó ṣe é. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé òǹwòran á gbé ìlànà ìdájọ́ náà jáde sí ìta, níbi tí kò sí òǹkọ̀wé eré tó mọ òkodoro. Ọmọ ṣàìsàn ibà, ìyá bàbá rẹ̀ sì ti bẹ̀ wọ́n wò lánàá. Arúgbó kan tí ó ń gbàgbé nǹkan ń dá nìkan sọ̀rọ̀, ó sì ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé lóru. Onímọ̀ ìlera yóò pe èyí ní àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń bá àgbà jà. Ẹni tí fíìmù ti kọ́ ní ìdájọ́ yóò pe é ní àjẹ́ tí ó já bọ́ láti òfurufú. Òfin ìwà ọ̀daràn ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 210, ka fífẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè múni dé ẹ̀wọ̀n, nítorí pé àwọn tó ṣe òfin mọ ibi tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè já sí.

Àwọn kan a máa sọ pé fíìmù kò ṣẹ̀, pé ohun tí àwùjọ gbà gbọ́ ni ó ń fi hàn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ nínú agbára àìrí wà ní àwùjọ, fíìmù tí ó bá ṣe bí ẹni pé kò sí yóò jìnnà sí òǹwòran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni ó bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Àtíńgà. Ìgbàgbọ́ kò sọ fún olùdarí pé kí ó yan ọ̀kan sílẹ̀ kí ó mú ìkejì. Òun ni ó yàn.

Nígbà tí Ẹ̀rù Bá Ti Inú Ìwà Jáde

Ẹ̀rí pé ọ̀nà mìíràn wà kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1993, Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà. Méjì nínú wọn kú, ẹ̀kẹta, tí Kàrímù Adépọ̀jù tí a mọ̀ sí Bàbá Wándé ṣe, wá ń sá kiri kí ikú má bàa kan òun. Fíìmù náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òǹwòran mọ ẹni tí ó ṣẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó ṣe. Kò sí aláìṣẹ̀ kankan tí a di ẹ̀rù lé lórí. Nínú Saworoidẹ ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, agbára ìlù kò mú ọba nítorí pé ìlù burú. Ó mú un nítorí pé ó kọ̀ láti ṣe májẹ̀mú tó yẹ kí ọba ṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní 2009, Kúnlé Afọlayan, ọmọ Adé Love inú Àjàní Ògún, gbé The Figurine jáde. Àràròmíire ni orúkọ òrìṣà inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń sin ilẹ̀ baba wọn rí ère kan tí ìtàn sọ pé ó ń fúnni ní ọdún méje oríire, tí ọdún méje òfò sì ń tẹ̀ lé e. Oríire dé, òfò náà sì dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà ń parí lọ, a rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú ibi náà nítorí ìfẹ́ àti ìlara. Ṣé òrìṣà ni, tàbí ènìyàn? Fíìmù náà fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún òǹwòran. Ohun tí ó ṣe nípa bẹ́ẹ̀ ni pé ó mú òwe àjẹ́ ké lánàá, ó sì yí i padà sí ìbéèrè gidi: ta ni ó mọ̀ ní tòótọ́?

Olùdarí yìí kan náà ni ó ṣe Àníkúlápó ní 2022, ní èdè Yorùbá. Sàró, ahunṣọ tí ó wọ Ọ̀yọ́ láti wá jẹun, bá olorì yan àlè, wọ́n sì pa á. Ẹyẹ àkàlà ni ó jí i dìde, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ní agbára láti jí òkú. Ó yẹ kí a kíyè sí ẹyẹ náà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tó ṣáájú, bí ẹyẹ bá ti yọ lóru, arúgbó kan ni wọ́n ń wá. Níhìn-ín, ẹyẹ ni ó fúnni ní ìyè, ọkùnrin ọ̀dọ́ tó dára lójú ni ó sì sọ ẹ̀bùn náà di ìjàǹbá nípa ìgbéraga àti ojúkòkòrò. Ẹ̀rù tó wà ní ìparí rẹ̀ kò wá láti inú igbó. Inú Sàró ni ó ti wá.

Fíìmù wọ̀nyí kò pé. Ní Àníkúlápó, ìtàn náà falẹ̀ ní àárín, ọ̀pọ̀ obìnrin inú rẹ̀ ni a kò sì jẹ́ kí a mọ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ Sàró lọ. The Figurine kò ní ọrọ̀ èdè tí Àìyé ní. Bí a bá gbé wọn lé ìwọ̀n, Ògúndé ni ó jù wọ́n lọ nínú ọfọ̀ àti nínú ìran àjọwò. Àwọn ni wọ́n ju Ògúndé lọ nínú ìdájọ́.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò ní Nàìjíríà, tí Àṣẹ 85 ti 1993 dá sílẹ̀, a máa sọ ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ènìyàn tó wo fíìmù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ tí ó lè wọ inú yàrá. Ọmọ tí ó ń jókòó níwájú olùkọ́ lówùúrọ̀ ti lè rí ohun gbogbo lálẹ́ àná, yálà lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù. Kíkà á léèwọ̀ fún un nínú kíláàsì kò tó.

Ohun tí ó wúlò jù ni pé kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń bi fíìmù ní ìbéèrè. Ta ni fíìmù yìí ní kí a bẹ̀rù? Kí ni ẹni náà ṣe, tàbí ṣé bí ara rẹ̀ ti rí nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀rí wo ni a fi hàn wá, kí sì ni a fúnra wa so pọ̀? Tí a bá yọ agbára àìrí kúrò nínú ìtàn náà, ṣé ìwà burúkú kan yóò ṣẹ́kù tí ó yẹ ní ìbáwí? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí. Bákan náà, olùkọ́ èdè lè lo ọfọ̀ inú fíìmù Ògúndé láti kọ́ni ní ìlò èdè, kí ó sì fi odù Ọ̀ṣẹ́túrá gan-an sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá inú fíìmù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara wọn rí ohun tó yí padà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìran adẹ́rùbani kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, àti pé láti ìgbà Ọba Mọ́rọ̀ ni àwọn tó ń gbé e kalẹ̀ ti ní ète tiwọn. Agbára fíìmù adẹ́rùbani Yorùbá pọ̀: ó pa ọfọ̀ mọ́, ó fún ìgbàgbọ́ ní àwòrán, ó kó òǹwòran jọ nígbà tí owó kò sí, àwọn tó dára jù nínú rẹ̀ sì fi ẹ̀rù bá ojúkòkòrò àti ọ̀dàlẹ̀ wí. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù kì í ṣe ti kámẹ́rà tàbí ti owó, nítorí pé Ògúndé lo ọgbọ́n kámẹ́rà àtijọ́, ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí ó dùn-ún wò. Àléébù náà ni pé ó máa ń yá ara abuké, àfín àti ìyá arúgbó lò láti dẹ́rù bani, kì í sì í dá ara náà padà ní mímọ́ lẹ́yìn tí eré bá parí.

Nígbà tí àwọn ọdẹ kó àwọn "iwin" Ọ̀yọ́-Ilé wá síwájú Aláàfin, ojú ọba là sí òtítọ́ kan: ènìyàn ni wọ́n, ẹlòmíràn ni ó sì rán wọn. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọdẹ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wo fíìmù tán lóru lè jí lówùúrọ̀, kí ó sì kí ìyá àgbà tó wà ní ojúlé kejì láìsí ìfòyà.